Ẹlẹ́rìí Tí Ilé Iṣẹ́ Omi Sẹ́

Ẹlẹ́rìí ti kú. Omi tó ń fọwọ́ sọ̀yà fún ló pa á, ilé iṣẹ́ tó ni omi náà kò sì rán ẹyọ ẹnì kan wá síbi ìsìnkú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Òun ni obìnrin tí ilé iṣẹ́ omi máa ń rán láti ojúlé dé ojúlé, kó lè rọ àwọn ènìyàn láti gba ẹ̀rọ omi sínú ilé. Kò ní ọ́fíìsì. Bàtà rẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń fi kádìí àlàyé rẹ̀: "Bí omi yìí bá ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ wá mi wá. Èmi ni ẹlẹ́rìí." Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìí nìyẹn.

Ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ ìyá mi. Ìyá mi fẹ́ràn kànga rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ọkọ àárọ̀.

"Omi tí n kò rí ìdí rẹ̀, n kò ní mu ún," ni ìyá mi wí.

"Ìyá, ṣé ẹ rí ìdí kànga yìí náà ni?"

"Mo mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ."

"Ẹ ṣáà mọ èmi náà."

Ìyá mi wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ yìí! Bí o bá gbé iyanrìn lọ fún ará etí òkun, á rà á." Kò pẹ́ tó fi ní kí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì dí kànga náà. Nítorí Ẹlẹ́rìí ló ṣe dí i, kì í ṣe nítorí ilé iṣẹ́ kankan. Nígbà tí orúnkún ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, Ẹlẹ́rìí ló máa ń yà wá bá a fi ìpara ra á. Àwọn méjèèjì á jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò lẹ́yìn.

Ẹ dákun, kí ni ilé iṣẹ́ omi ń tà gan-an? Ẹ má sọ pé omi. Òjò ń rọ̀ fún olówó, ó ń rọ̀ fún tálákà. Ta ló ti wọnú páìpù wò rí? Abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. A ṣí ẹ̀rọ, a bu omi, a gbé e fún ọmọ wa, a kò bi í pé níbo lo ti ń bọ̀. Ìfọkàntán yẹn ni ọjà wọn. Bí kò bá sí i, irin lásán ni páìpù wọn. Ta ló sì bá wọn kó o jọ? Obìnrin tí wọ́n wá sọ nù bí akísà yìí ni.

Nígbà tí àwọn tó ń tún ojú ọ̀nà ṣe fi katakata fọ́ páìpù ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àwọn ènìyàn kò lọ bá ilé iṣẹ́; Ẹlẹ́rìí ni wọ́n lọ bá. Òun náà gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló bá a lọ. Ó sọ fún mi pé omi inú ike tí wọ́n rà níta ló wà lórí tábìlì ọ̀gá.

"Ọ̀gá, àwọn ènìyàn ní omi ń rùn."

"Ẹ̀yin náà, Màmá! A ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ ṣáà lọ fọkàn wọn balẹ̀. Tiyín ni wọ́n ń gbọ́."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé mo lè purọ́ fún yín ni?"

Ó gbà á gbọ́. Olóòótọ́ ló ń rò pé bí òun ti rí ni gbogbo ayé rí. Ó padà sí àdúgbò, ó bu omi ẹ̀rọ níwájú wọn, ó mu ún. Àwọn mìíràn rí i, wọ́n mu tiwọn. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti gba ilé kiri. Orí kó àwọn yòókù yọ. Òun nìkan ni kò dìde mọ́.

Aránṣọ ní kì í ṣe ìrora ni ìyá òun ń sọ lórí ibùsùn ọsibítù. "Mo sọ fún wọn pé ó mọ́," ló ń tẹnu mọ́ ṣáá. "Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ." Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí wọ́n pa ló ń tọrọ àforíjì!

Ilé iṣẹ́ omi ńkọ́? Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Wọ́n ní omi mọ́ nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ní olóògbé kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, ó kàn ń bá àwọn polówó ni. Háà! Nígbà tó ń kan ilẹ̀kùn wa, ọmọ ilé ni. Ó kú tán, ó di àlejò. Síbẹ̀, àwòrán rẹ̀ ṣì wà lára ògiri wọn nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lánàá, tó ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n kọ "Ẹ fọkàn tán wa" sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún páìpù ṣe fún wọn yọ́ wá síbi ìsìnkú náà ṣá. Ìtìjú ló gbé e wá, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Ó fa aránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wà nítòsí.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún ọ̀gá pé omi gọ́tà ti ń wọnú páìpù, kí Màmá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní ká ti omi pa. Ó ní bí a bá tì í, àwọn ènìyàn kò ní fọkàn tán wa mọ́."

Aránṣọ kò sunkún. "Wọ́n ti mọ̀ nìyẹn," ló wí.

"Wọ́n mọ̀."

Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin ará. Kí ìfọkàntán má bàa bàjẹ́ ni wọ́n ṣe fi ẹni tó kó o jọ fún wọn ṣòfò! Ìwà ọ̀dàlẹ̀ wo ló tún ju èyí lọ? Èyí tó sì dùn mí jù ni pé àwọn kan ládùúgbò ṣì ń sọ pé Ẹlẹ́rìí ló tan àwọn jẹ.

Nítorí náà, mo ń bi àwọn tó ń darí ilé iṣẹ́ náà, mo sì ń bi ìjọba tó fún wọn láṣẹ: ta ló yẹ omi yẹn wò? Kí ló dé tí ọ̀gá náà ṣì ń wọṣẹ́ láràárọ̀ bí ẹni pé adìyẹ ló kú? A kò fẹ́ òdòdó. A kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn tí agbẹnusọ bá wọn hun. Ẹ gbé ọ̀gá náà dúró níwájú adájọ́, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ̀. Kí ó sọ ọ́ fatafata, kí aránṣọ gbọ́, kí gbogbo ẹni tó ń bú ìyá rẹ̀ nínú sàréè gbọ́: "Obìnrin náà kò purọ́ fún yín. Àwa la purọ́ fún un."