Bàtà Tó Jẹ Níwájú

Aránbàtà yìí kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ oníbàárà. Kí ló fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ó kàn máa dojú bàtà dé, á wo àtẹ́lẹ̀ ẹ̀, ó parí. Ẹni tí gìgísẹ̀ ẹ̀ jẹ lápá òde, ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn, ìyàwó oníbúrẹ́dì tó máa ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀ bó bá ń bínú: ọgbọ̀n ọdún ló fi mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, kò sì gbé bàtà ẹnì kan fún ẹlòmíì rí. Ó máa ń fi í yangàn. "Ojú lè parọ́," á ní, "àtẹ́lẹ̀ bàtà ò mọ irọ́ pa."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jẹun dé, ó bá bàtà obìnrin nínú ọ̀rá lórí tábìlì ẹ̀. Aránṣọ tí wọ́n jọ pín ìsọ̀ ló gbà á sílẹ̀ fún un. Ó dojú bàtà dé, ara ẹ̀ sì bù máṣọ.

Imú bàtà méjèèjì ti jẹ wọnú awọ, ti ọ̀tún ju ti òsì lọ, gìgísẹ̀ ẹ̀ sì wà bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tí bàtà ẹ̀ máa ń jẹ báyìí. Bàbá ẹ̀ ni. Bàbá ẹ̀ sì ti wà nínú sàréè láti ọdún mẹ́tàlá.

Bàtà náà tún kéré. Èyí ló bà á lẹ́rù jù: bí ẹni pé bàbá ń súnkì níbi tó wà, tó sì ti wá nílò àtẹ́lẹ̀ tuntun.

"Ta ló gbé èyí wá?"

"Ó lóun ń bọ̀ wá gbà á," aránṣọ dáhùn láìgbójú sókè. "Ẹ jẹ́ n gbọ́ tara mi jàre."

Ẹ gbọ́, ọkùnrin yìí ò ṣe bàbá ẹ̀ dáadáa. Káfíńtà ni bàbá náà. Nígbà tó lé lógójì ọdún, ẹsẹ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, gbogbo ilé sì gbà pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. "Gbẹ́sẹ̀!" nìyàwó ẹ̀ máa ń pariwo mọ́ ọn, títí àdúgbò fi sọ ọ́ di Bàbá Gbẹ́sẹ̀. Ojú ń ti ọmọ. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ bàtà tán, irin ló kàn mọ́ imú bàtà bàbá ẹ̀ kó má baà máa jẹ. Irin ọ̀hún ló wá jẹ́ kí gbogbo ìgboro máa gbọ́ ọ bó bá ń bọ̀. Ọmọ á gbọ́ ọ lókèèrè, á gba ẹ̀yìn ìsọ̀ sá jáde. Ìwà burúkú gbáà ni, kò sì tọrọ àforíjì kí bàbá tó kú.

Ibi tó jókòó ti bàtà náà ló ti gbọ́ ọ lójú títì: ṣàà, ṣàà. Ẹsẹ̀ tí kò kúrò nílẹ̀. Èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀, kò sẹ́ni tó yíjú wò ó. Ó ń sún mọ́ tòsí. Aránbàtà dìde pé kóun sá gba ẹ̀yìn, àfi bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́lẹ̀. Òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá mi, ẹ káàsán o. Ṣé ẹ ti tún bàtà mi ṣe?"

Ọmọ ẹ̀ obìnrin ni, olùkọ́ tó ń gbé lódìkejì ìlú. Oṣù márùn-ún ni wọn ò tíì rí ara wọn.

"Ìwọ lo ni ín?"

"Ta lẹ rò pé ó ni ín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Ẹsẹ̀ mi ló ń le, Bàbá. Dókítà ní kí n mú yín wá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ṣe ẹnì kan rí nínú ìdílé wa."

"Kò sírú ẹ̀ nínú ìdílé wa."

Kí lẹ fẹ́ kó wí? Bó bá jẹ́ pé àìsàn ló ṣe bàbá, irú ìyà wo wá lòun fi jẹ bàbá òun? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìgbà tí ọmọ ẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìwé ló tó tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni dókítà. Ó fa ìlà kan sórí ìwé láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀, iṣan gígùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn niṣẹ́ náà ń gbà kọjá. Nínú àwọn ìdílé kan, wọn ò pọ̀, iṣan yẹn máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọpọlọ á ní kí ẹsẹ̀ gbéra, ẹsẹ̀ ò ní gbọ́ dáadáa. Á le, á máa wọ́ nílẹ̀. A ò tíì ní oògùn tó ń wò ó sàn, àmọ́ èyí tó ń mú kí ẹsẹ̀ rọ̀ wà. Ṣé ó ti ṣe ẹnì kankan nínú ìdílé yín, sà?"

Ọmọ ẹ̀ ń wò ó.

"Bàbá mi," ó ní. "Ọ̀lẹ la pè wọ́n." Omi bọ́ lójú ẹ̀, kò nù ún.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá dá bírò dúró. "Sà, kò lè ti ara bàbá yín fò bọ́ sára ọmọ yín. Ara ẹnì kan ló gbà kọjá."

Kò kọ́kọ́ yé e. Ó ń fojú wá ẹni náà káàkiri yàrá.

"Ó lè sùn sára ẹlòmíì fún ọ̀pọ̀ ọdún," dókítà ní. "Ẹ dákun, ẹ dìde, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n rí i."

Ó dìde. Ọmọ ẹ̀ di apá ẹ̀ mú.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá rìn," dókítà ní.

Ọmọ náà fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Ṣàà, ṣàà. Kò tíì gbé ìkẹta tí ọmọ ẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bojú.