Ìwé Àyẹ̀wò Tí Ẹ̀gbọ́n Ká Pamọ́

Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin yìí fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lápá àwọn ènìyàn nínú yàrá àyẹ̀wò kan nílé ìwòsàn. Àwọn aláìsàn ń pè é ní Ìyá Abẹ́rẹ́-ò-dùnni. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, gbẹ́nàgbẹ́nà tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Àbúrò náà ti lé láàádọ́ta ọdún kó tó gbà láti jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ rọra fà á o. Etí tẹ́ ẹ fà fún mi ní kékeré ṣì ń dùn mí."

"Panu dé, jẹ́ n rí iṣan."

Nígbà tí èsì jáde, ẹ̀gbọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ ti kọjá ààlà, àmì tó ń fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń wú náà sì ga. Irú ara bẹ́ẹ̀, rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn kì í jìnnà sí i. Rọpárọsẹ̀ ló sì pa bàbá wọn.

Ṣùgbọ́n oyún ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀ ti pé oṣù, bàbá aboyún náà sì ń gbẹ́ ibùsùn sílẹ̀ de ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò ní ba ayọ̀ yẹn jẹ́. Ó ká ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀.

Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ ga díẹ̀. Dín ọ̀rá jíjẹ kù. Tọ́mọ bá dé, a ó jọ lọ rí dókítà."

"Ṣé kò síṣòro?"

"Kò síṣòro."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn èsì náà, ìfági bọ́ lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. Oníbàárà tó dúró tì í rò pé ẹ̀fẹ̀ ló tún ń ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ, wọ́n gbé ọmọ tuntun wá bá a, ó fọwọ́ òsì kan ìka ọmọ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó dágbére fáyé.

Ẹ̀gbọ́n jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìwé tó ká pamọ́ fún dókítà, dókítà sì fẹ́ tù ú nínú. "Mà, ọjọ́ mẹ́sàn-án kéré. Oògùn ì bá má tíì ràn án lọ́wọ́."

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Òun ló yẹ kó mọ̀."

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin olóògbé bi í pé, "Àǹtí, ṣé ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ gbà yẹn ò fi nǹkan kan hàn ni?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin náà gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ àǹtí rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó bọ́ síta. Oṣù mẹ́ta kọjá kó tó tún kan ilẹ̀kùn àǹtí rẹ̀.