Káàdì Ọjọ́ Jímọ̀

Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó yan àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ilé iṣẹ́ oníke wa ní Oregun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fáwọn èèyàn pé ọ̀gá àgbà ló yàn wọ́n. Irọ́ ni.

Ayé ológun ni, SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, sì ti fún gbogbo wa lọ́rùn. Ohun tí a fi ń ṣe ike kò wọlé láti òkè òkun mọ́, ẹ̀rọ mẹ́ta péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́jọ. Ọ̀gá àgbà ní kí yàrá kọ̀ǹpútà bá òun wá ogójì òṣìṣẹ́ tí òun máa dá dúró.

Àwa méjì la wà ní yàrá náà. Màdáámù tó jẹ́ ọ̀gá mi kì í kọ ètò kankan láì jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n lè da iṣẹ́ odindi ọ̀sẹ̀ nù, kí wọ́n má sì rí àlàyé ṣe ju pé ọkàn àwọn kò gbà á lọ. Èmi ní tèmi, àtẹ ìbéèrè ni mo gbà gbọ́: ká tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ìdáhùn já sí ibi kan ṣoṣo. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, ẹnu mi sì mú.

Màdáámù ní ká kọ́kọ́ lọ bá àwọn fọ́mààn sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, torí káàdì àkókò iṣẹ́ kì í sọ gbogbo nǹkan. Mo dá wọn lóhùn níwájú ọ̀gá àgbà pé ojúsàájú nìyẹn máa bí. Mo ní káàdì tí aago ẹnu géètì ń tẹ àkókò sí kò mọ ẹbí, kò mọ ará ìlú ẹni. Ká ka iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹni tó bá jáde jù kọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá àgbà yìn mí. Màdáámù palẹ̀ ìwé wọn mọ́, wọ́n jáde.

Orúkọ tó kọ́kọ́ jáde ni ti Bàbá tí a jọ ń gbé ilé kan náà l'Ágége. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n wà. Àwọn ni wọ́n mú mi dé ilé iṣẹ́ náà nígbà tí mo ń wáṣẹ́ kiri, ìyàwó wọn ló sì ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè mí. Mo yẹ ètò náà wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí àṣìṣe. Ni mo bá wá káàdì Bàbá jáde. Gbogbo ìgbà tí wọ́n jáde ló bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ibẹ̀ ló ń lọ kírun, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ẹrù ni àwọn yòókù ń gbà yọ́ jáde, káàdì wọn mọ́ tónítóní. Bàbá nìkan ló ń gba ẹnu géètì, tí wọ́n ń tẹ káàdì jáde, tí wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Wọn ò fẹ́ gbé èrú lọ síwájú Ọlọ́run. Àtẹ mi kò bèèrè ìyẹn.

Mo lè yọ orúkọ wọn, kò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí mo ń rò ni pé tí mo bá yọ ẹyọ kan péré, Màdáámù ló jàre. Ìyẹn gan-an ló wà lọ́kàn mi, kì í ṣe òdodo kankan. Mo gbé ìwé náà lọ fún ọ̀gá àgbà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà dé, Bàbá mú tiwọn wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n kà á fún àwọn, torí wọn ò gbọ́ òyìnbó. Nígbà tí mo débi tí lẹ́tà ti sọ pé kọ̀ǹpútà ló yàn láìṣe ojúsàájú, mo dá kíkà dúró. Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé èmi ni mo kọ ètò náà, pé mo sì rí orúkọ wọn kí n tó gbé ìwé náà fún ọ̀gá àgbà.

Bàbá gba lẹ́tà náà padà lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ ò mọ̀ mí. Ìwọ mọ̀ mí."

Ọkàn mi bàjẹ́. Wọ́n ká lẹ́tà wọn, wọ́n wọlé. Ìyàwó wọn ṣì gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́jọ́ náà bí ìṣe wọn. Mi ò lè jẹ ẹ́, ojú sì ń tì mí láti dá àwo náà padà. Nígbà tí mo fi máa ṣọkàn akin láti kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwo náà wà lọ́dọ̀ mi dòní.