Jíìpù Tó Ń Ṣe Oko, Tó Ń Ṣe Ìgboro

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé Kòkòrò lọ, Tíṣà kò jáde síta. Ẹ̀yìn fèrèsé ilé ìdáná ló dúró sí, ó ń fi aṣọ nu abọ́ kan tó ti gbẹ tipẹ́, ó sì ń wo ọkùnrin tó rà á bó ṣe ń ti ìjókòó iwájú sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbà. Mọ́tò kékeré aláwọ̀ ewé ni Kòkòrò. Àwọn ọmọ tí Tíṣà kọ́ ní ìṣirò ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí bó ṣe máa ń rá pálá wọ ọgbà ilé ìwé láràárọ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn, débi pé Tíṣà gan-an á ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ jí Kòkòrò."

Ọkọ rẹ̀ ló ní kí wọ́n tà á. Awọnlẹ̀ ni tilétoko mọ ọkùnrin náà sí, torí pé ilẹ̀ wíwọ̀n ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Inú igbó ni o, orí òkè ni o, kò síbi tí kò fi jíìpù iléeṣẹ́ dé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, iléeṣẹ́ gba jíìpù wọn, ó wá dà bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó ra àlòkù kan tó máa ń wúkọ́ bí arúgbó, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fẹnu ara rẹ̀ pe ìyẹn ní mọ́tò.

"Tíṣà," ó wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń jẹun, "àwa méjì péré, mọ́tò méjì, kí la fẹ́ fi ṣe? Jẹ́ ká ta méjèèjì, ká ra ẹyọ kan tó máa ṣe ti oko, tó máa ṣe ti ìgboro. Tó o bá fẹ́ lọ ra ata, òun náà ni. Tá a bá fẹ́ gun òkè, òun náà ni."

"Èmi tí orúnkún mi ń ké yìí lẹ ní kí n wá gun òkè?"

"Ta ní sọ pé kó o fẹsẹ̀ gùn ún? Mọ́tò ni yóò gùn ún!" Ó rẹ́rìn-ín, ó tún tẹnu bọ tíì. Lẹ́yìn náà ló wá fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. "Àbí o ò fẹ́ máa rí àbúrò rẹ mọ́ ni?"

Tíṣà gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní láyé, obìnrin tó fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ lọ sin adìẹ ní òdì kejì odò kan lẹ́yìn ìgboro, tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Aládìẹ. Kò sí afárá lórí odò náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Kòkòrò á rọra gba orí òkúta kọjá. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi á bo òkúta mọ́lẹ̀, ọ̀nà á di ẹrẹ̀, ohùn ara wọn nìkan ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò á sì máa gbọ́ lórí fóònù títí òjò yóò fi lọ. Tìtorí èyí ni Tíṣà ṣe gbà.

Nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, jíìpù méjì ni wọ́n yẹ̀ wò. Aláwọ̀ eérú lèyí àkọ́kọ́. Kò ga jù. Tíṣà kàn fi ìdí lé ìjókòó, ó kó ẹsẹ̀ wọlé, ó parí. Ọkùnrin tó ń tajà ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, pé kò ní rì sínú ẹrẹ̀, kò ní jẹ epo jù nígboro, kò sì síbi tí kò ní gbà á.

"Omi ńkọ́?" Awọnlẹ̀ bi í.

"Tí kò bá ti kọjá agbede ojúgun, ó ń là á, sà."

"Agbede ojúgun!" Awọnlẹ̀ yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Omi ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ a máa dé orúnkún."

Ó ti ń rìn lọ sídìí èkejì kó tó sọ̀rọ̀ tán. Funfun nìyẹn, ó ga bí ilé, táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìbàdí Tíṣà, wọ́n sì fi irin ńlá dì í níwájú. Awọnlẹ̀ yí i po, ó tẹ táyà, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó gòkè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn. Ojú rẹ̀ wá ń dán bíi ti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí àwọn òbí Tíṣà nílé.

Ó kan Tíṣà. Ó di irin mú, ó gbé ẹsẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó tún gbé e. Awọnlẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó tì í láti ẹ̀yìn bí ẹni tó ń ti àpò símẹ́ńtì sókè. Ọkùnrin tó ń tajà wo ibòmíì, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí Tíṣà fi máa jókòó, òógùn ti bò ó.

"Ṣé ó dáa?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

Tíṣà wojú rẹ̀. "Ó dáa," ló wí.

Kò sẹ́ni tó fún un lọ́rùn kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn.

Wọ́n gbé jíìpù délé, wàhálà sì bẹ̀rẹ̀. Lórí títì ọlọ́dà, táyà rẹ̀ ń hó bí oyin, Tíṣà kì í gbọ́ rédíò, kì í gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sọ. Ọ̀nà tóóró tí Kòkòrò ń sáré gbà, jíìpù ní láti dúró kí gbogbo ayé kọjá tán. Kò gba ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ẹyin tí wọ́n bá gbé sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó tó délé, ó ti di omi. Tíṣà gbìyànjú láti wà á lẹ́ẹ̀kan. Kò rí iwájú rẹ̀ dáadáa, ló bá lọ fi irin ńlá náà kọ lu ògiri aládùúgbò. Awọnlẹ̀ kò bínú. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ní, "Jẹ́ kí n máa bá ọ wà á ná." Kọ́kọ́rọ́ kò sì padà wá mọ́.

Awọnlẹ̀ ní tirẹ̀ ti rí ẹgbẹ́. Àwọn ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni, tí irun ti ń funfun lórí wọn, tí wọ́n máa ń kó jíìpù wọn jọ ní ọjọọjọ́ Sátidé lọ gun òkè. Tó bá dé lálẹ́, ẹrẹ̀ á bo mọ́tò, inú rẹ̀ á dùn bíi ti ọmọdé tó lọ wẹdò.

"Ìgbà wo la fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi?" Tíṣà á bi í.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ra táyà tuntun, wọ́n fẹ́ lọ dán an wò. Lẹ́yìn ìyẹn, òkè mìíràn tún wà tí wọn kò tíì gùn. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí òjò fi bẹ̀rẹ̀.

Ó wá di Sátidé kan. Awọnlẹ̀ ti jáde láti ìdájí. Tíṣà ń ṣa ìrẹsì lórí tábìlì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Aládìẹ wí, ohùn rẹ̀ kò jáde tán. "Àyà ló ń fún mi láti àná. Mo rò pé ó máa lọ. Kò lọ o."

"Láti àná! Kí ló dé tó ò pè mí?"

"Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Ṣé ọkọ yín lè gbé jíìpù wá? Omi ti kún, alùpùpù àwọn ọmọṣẹ́ mi ò lè là á."

"Fọkàn balẹ̀. À ń bọ̀."

Ó pe ọkọ rẹ̀. Ohùn obìnrin kan dáhùn pé ẹni tí ẹ ń pè kò sí níbi tí a ti lè rí i bá sọ̀rọ̀. Ó tún pè é, ohùn yẹn kan náà ni. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, ó wọ bàtà, ó jáde.

Àwọn awakọ̀ takisí wo ara wọn lójú. "Ìyá, òdì kejì odò lásìkò òjò? Ọkọ̀ wa ò ní débẹ̀ o." Ọ̀kan nínú wọn ṣàánú rẹ̀, ó gbé e dé ibi tí ọ̀dà parí sí. Láti ibẹ̀, Tíṣà ṣẹ́ igi, ó fi ṣe ọ̀pá, ó ń wọ́ orúnkún méjèèjì lọ nínú ẹrẹ̀.

Nígbà tó dé etí odò, ó rí òrùlé ilé adìẹ. Ó tilẹ̀ ń gbọ́ igbe àwọn adìẹ náà. Omi pupa ń ya lọ láàárín. Ó kígbe títí obìnrin tó ń bá Aládìẹ kó ẹyin fi sáré jáde sí òdì kejì.

"Mọ́mì! Wọ́n ń béèrè pé ṣé jíìpù ti dé?"

"Sọ fún un pé ó ti wà lọ́nà!" ni Tíṣà kígbe. Kò sì sí jíìpù kankan lọ́nà.

Ó gbé ẹsẹ̀ sínú omi. Omi gbá a lórúnkún, ó fà á, ó ṣubú, ó fi ọwọ́ wá ilẹ̀ padà sí etí odò. "Ẹ má wọ̀ ọ́ o, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́!" ni obìnrin yẹn kígbe láti òdì kejì. Tíṣà jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, aṣọ rẹ̀ ń kán, ó ń tẹ fóònù.

Obìnrin náà wọlé, ó tún jáde. "Mọ́mì, wọ́n ní ṣé ẹ ti jẹun?"

"Sọ fún un pé mo ti jẹun!"

Ó wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́. Nígbà tó padà jáde, kò sáré, kò sì pariwo. Ó rìn wá sí etí omi, ó wo Tíṣà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ kí jíìpù tó dé. Awọnlẹ̀ fò bọ́ sílẹ̀. "Ìgbà tá a sọ̀ kalẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ rẹ. Tíṣà! Báwo ni ara rẹ̀?"

Tíṣà kàn nawọ́ sí òdì kejì. Ọkọ rẹ̀ gbé e sókè bí ọmọ ọwọ́, ó gbé e sí ìjókòó iwájú. Jíìpù wọnú odò. Omi pín sí ọ̀tún, ó pín sí òsì, mọ́tò náà kò tilẹ̀ wúkọ́. Kí Tíṣà tó mí kanlẹ̀, wọ́n ti gúnlẹ̀ sí òdì kejì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dí i lọ́nà láti àárọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ.

Wọ́n ká ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n tẹ́ Aládìẹ sórí rẹ̀. Ó gbà á dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Tíṣà jókòó sí, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó má baà máa kan okùn àti bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbàgbé síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọ ìgboro, táyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń wá kí wọn kú ara fẹ́ra kù, àna wọn kan jókòó ní pálọ̀, ó mi orí. "Ọpẹ́lọpẹ́ jíìpù yìí o. Tí kì í bá ṣe tirẹ̀, báwo lẹ ò bá ṣe gbé e jáde?"

Awọnlẹ̀ dorí kodò. Tíṣà dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé e. Ìgbà tó yá ni kò mọ ohun tó ń ṣe é mọ́.

Awọnlẹ̀ kò lọ sórí òkè mọ́. Ó fọ jíìpù, ó páàkì rẹ̀ sí iwájú ilé. Lọ́jọ́ kan, ó wá bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń fọ aṣọ.

"Mo fẹ́ tà á," ó wí. "Jẹ́ ká lọ ra kékeré, irú Kòkòrò. Ìwọ ni kó o mú èyí tó wù ọ́."

"Kí n wá fi lọ kí ta ni?"

"Tíṣà, mo bẹ̀ ọ́. Ṣé mo mọ̀ pé..."

"Ẹ ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀."

Awọnlẹ̀ lọ bá jórinjórin kan, ó ní kó ṣe àtẹ̀gùn kan sí ẹ̀gbẹ́ jíìpù, èyí tó rẹlẹ̀ dáadáa tí ẹni tí orúnkún ń ro fi lè gùn ún. Iṣẹ́ náà mọ́. Tíṣà wò ó, ó ní ó kú iṣẹ́. Kò gùn ún.

Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ báyìí. Lọ́jọ́ ọjà, á gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á rọra sọ̀ dé ìdíkọ̀, á jókòó sórí àga gbọọrọ pẹ̀lú àwọn yòókù. Nígbà mìíràn, jíìpù á wá dúró níwájú rẹ̀, Awọnlẹ̀ á ṣí ilẹ̀kùn, á sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ìdíkọ̀ á sì máa wo ọkùnrin arúgbó tó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ níta gbangba.

"Ìyá, ẹ bá wọn lọ nítorí Ọlọ́run," ni obìnrin kan sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ọkọ̀ ńlá rèé! Àwa tá ò rí irú rẹ̀ gùn ńkọ́?"

"Ẹ wọ̀ ọ́," ni Tíṣà dá a lóhùn. "Àyè pọ̀ nínú rẹ̀."

Bọ́ọ̀sì ti ń fọn fèrè lẹ́yìn jíìpù. Tíṣà wo ọkọ rẹ̀, kò fi ohùn líle sọ̀rọ̀. "Ẹ kúrò lọ́nà, Bàbá wọn. Àwọn èèyàn fẹ́ lọ."

Awọnlẹ̀ pa ilẹ̀kùn, ó gòkè, ó wa jíìpù kúrò. Bọ́ọ̀sì wọlé dúró. Tíṣà gbé apẹ̀rẹ̀ lé apá, ó di irin ẹnu ọ̀nà mú, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi rí ìjókòó.