Igi Kédárì Méjì Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Wilmer Gokee

Ọ̀sẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn nínú oṣù kẹjọ, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ni Wilmer Gokee àti Tavia Maday kọ́kọ́ pàdé, òkúta ni ó sì so wọ́n pọ̀. Wilmer, bàbá àgbàlagbà kan, ń ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ bọ̀ ní èbúté Adágún Esùsú, ìrẹsì tí ó kó láti inú omi kò ju ìdajì ọkọ̀ lọ, nígbà tí òkúta kan fò wá láti orí òkè tí ó sì dún gbàǹgàn lára irin ọkọ̀ náà. Èkejì tẹ̀ lé e. Wilmer gbé ojú sókè, ó rí ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, tí ó wọ ẹ̀wù òtútù ọkùnrin tí apá rẹ̀ gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ọkọ̀ mi fi ṣe ọ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá á rì ni."

"Bó bá rì, ìwọ lo máa gbé mi pọ̀n dé ilé."

"Háà! Pẹ̀lú ikùn yín yẹn? Ẹ jẹ́ kí adágún máa gbé yín lọ, ó lágbára jù mí lọ."

Wilmer rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà náà tí kò ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ òkúta mọ́, a ó sì dé ibi tí ìdí rẹ̀ wà. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ó bi ọmọ náà pé ọmọ ta ni. Ọmọ náà sọ pé ọmọ Maday ni òun, pé ìyá òun ti lọ sí ìlú ńlá láti ìgbà òtútù tí ó kọjá, pé àǹtí òun ni òun ń bá gbé, àti pé àǹtí náà kì í sábà sí nílé.

Ní ọ̀dọ̀ wa, àwa tí a ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, ènìyàn kan kì í dá kó ìrẹsì tí ń hù fúnra rẹ̀ nínú adágún. Ẹni kan ni yóò dúró ní ìdí ọkọ̀ tí yóò máa fi ọ̀pá tì í láàárín koríko, ẹni kejì ni yóò jókòó ní iwájú pẹ̀lú igi kédárì méjì, tí yóò fi ọ̀kan tẹ pòròpórò ba, tí yóò sì fi èkejì gbá a kí hóró lè já bọ́ sínú ọkọ̀. Lester, ẹ̀gbọ́n Wilmer, ni ó máa ń jókòó ní iwájú. Láti ìgbà tí Lester ti kú ni Wilmer ti ń dá lọ, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í fi í kún.

Ó lo ọjọ́ mẹ́ta láti gbẹ́ igi méjì tuntun, tí ó kéré, tí ó fúyẹ́, tí ó bá ọwọ́ ọmọ ọdún méjìlá mu. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé Tavia jókòó sí ipò Lester.

"Kọ́kọ́ da tábà yìí sórí omi."

"Kí ló máa fi ṣe?"

"Ìwọ náà kì í kí ènìyàn kí o tó wọ ilé rẹ̀?"

Ọmọ náà da tábà sórí omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu koríko.

"Rọra! Má lù ú bí ẹni ń lu olè. Fi ọwọ́ kàn án bí ìgbà tí o bá ń jí ọmọ ìkókó."

"Ta ló ń jí ọmọ ìkókó, Bàbá àgbà? Ẹni tí orí rẹ̀ dà rú ni."

Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìgbà òtútù, Tavia ń wá ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ nínú ilé ìdáná Wilmer, ó ń jẹ ọbẹ̀ ẹran àgbọ̀nrín, ó sì ń fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí bàbá fi máa ń sọ pé òun yóò dá a padà fún adágún. Ọmọ tí àwọn olùkọ́ sọ pé kì í la ẹnu, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀.

Corinne ni ó rí i. Ọmọ Lester ni Corinne, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú wa, àwọn ọ̀dọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún Wilmer pé, "Ohun tí ẹ̀ ń ṣe fún ọmọ kan yìí, Bàbá, mo fẹ́ kí ogún ọmọ rí i." Ó lọ bá ẹgbẹ́ kan ní ìlú ńlá, Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀la, tí ó ní owó àti bọ́ọ̀sì. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi jókòó pọ̀ láti ṣe ètò tí àgbà kọ̀ọ̀kan yóò fi máa tọ́ ọmọ kan sọ́nà. Àwọn àgbà wa ń sọ̀rọ̀, obìnrin kan tí ń jẹ́ Meredith Haldane sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni "àjọṣepọ̀." Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń mú àkàrà òyìnbó wá, ó sì mọ orúkọ gbogbo ọmọ. Ọjọ́ kan péré ni òun àti Wilmer fa ọ̀rọ̀, nígbà tí ó sọ pé òfin ẹgbẹ́ òun kò gba tábà lọ́wọ́ ọmọdé.

"Ọ̀gbẹ́ni Gokee, ṣé a ò lè lo nǹkan mìíràn? Bóyá ṣúgà?"

"Ṣúgà? Ṣé adágún ní eyín ni?"

Gbogbo àgbà rẹ́rìn-ín, Meredith pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n ya fọ́tò Wilmer àti Tavia nínú ọkọ̀: ọmọ náà gbé igi kédárì sókè, bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Fọ́tò náà dára. Ẹni tí ó bá rí i kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní oṣù karùn-ún tí ó tẹ̀ lé e, Tavia àti ọmọ méjì mìíràn fọ́ fèrèsé ilé ìkó-oúnjẹ ilé ìwé, wọ́n kó bisikíìtì àti ẹran inú agolo. Ebi ni. Àǹtí rẹ̀ ti lọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọmọ náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì í láti máa wá jẹun lójoojúmọ́ ní ilé Wilmer. Adájọ́ ìlú wa, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ wa, kò fẹ́ ju ọmọ náà sẹ́wọ̀n. Ó fún un ní ọ̀nà méjì: kí ó wà lábẹ́ ètò ìtọ́sọ́nà náà fún ọdún kan, lọ́wọ́ àgbàlagbà tí ètò náà bá fi ọwọ́ sí, tàbí kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ ní ìlú ńlá tí ó jìnnà sí wa ní ìrìn wákàtí márùn-ún. Ó fún wọn di ìparí oṣù keje.

Gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀, nítorí ta ni kò mọ àgbàlagbà Tavia? Ṣùgbọ́n bí owó ètò náà ti jáde ni òfin rẹ̀ bá a jáde: ẹni tí yóò bá ọmọdé rìn, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Àgbà méje ni ó fi orúkọ sílẹ̀. Orúkọ márùn-ún padà wá pẹ̀lú àmì pupa, ti Wilmer sì wà lára wọn. Àwọn méjì tí ó kù ti ní ọmọ tí wọ́n ń tọ́ sọ́nà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òkúta nìyí. Ní ìgbà tí ara Wilmer ṣì le, bí yìnyín bá ti yọ́ lórí adágún, òun àti Lester àti ọkùnrin mẹ́sàn-án mìíràn a máa tan iná lóru láti fi ọ̀kọ̀ pa ẹja nínú omi tí ó wà lẹ́yìn ààlà ilẹ̀ tí ìjọba fi sílẹ̀ fún wa. Nínú àdéhùn tí àwọn baba ńlá wa bá ìjọba ṣe, ilẹ̀ ni wọ́n yọ̀ǹda, wọn kò yọ̀ǹda ẹja inú omi rẹ̀. Àwọn tí ń gbé etí omi náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n péjọ sí èbúté, wọ́n ń bú wọn, wọ́n ń sọ òkúta. Òkúta kan fọ́ ojú òsì Lester. Ẹni tí ó sọ òkúta lọ sí ilé rẹ̀, ọlọ́pàá sì mú ẹni tí òkúta bà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọkùnrin mọ́kànlá gbé ohun ìjà kiri. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ gíga sọ pé àwọn ará wa ni ó jàre, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n pa tirẹ̀ rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí gómìnà, kí ó sọ pé òun jẹ̀bi, kí ó sì tọrọ ìdáríjì.

Àwọn mọ́kànlá náà péjọ sí ilé Lester. Wọ́n fi ọwọ́ lé tábà, wọ́n sì búra pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní bu ọwọ́ lu ìwé náà. Lester ni ó sọ ọ́ pé, "Ta ló ń tọrọ àforíjì nítorí pé ó bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀?" Ó kú pẹ̀lú ojú kan, kò sì bu ọwọ́ lù ú.

Ní oṣù kẹfà, Corinne mú ìwé náà wá fún Wilmer níbi tí ó ti ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Kò jókòó.

"Meredith ní tí ẹ bá tọrọ ìdáríjì, ó máa rọrùn fún wọn láti gbà yín. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ló kù, Bàbá."

"Mo mọ ọjọ́ kà."

"Ẹ bu ọwọ́ lù ú, kí ọ̀rọ̀ ó tán."

"Ìwọ Corinne. Ìwọ ọmọ Lester lo gbé ìwé yìí wá fún mi. Ojú bàbá rẹ tó fọ́ ńkọ́? Ṣé kí òun náà tọrọ àforíjì ni?"

"Bàbá mi ti kú. Tavia ò tíì kú."

Wilmer wò ó.

"Ẹ má wò mí báyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí ọkọ̀ bá ń rì, èèyàn kì í dúró bèèrè ẹni tó dá a lu."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Lester ló sọ ọ́."

"Ẹ ò rí i? Bàbá mi náà ti dá sí i."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé náà fi wà lórí tábìlì. Ní ọjọ́ kẹrin, Wilmer mú bírò. Níbi tí wọ́n ti ní kí ó ṣàlàyé ohun tí ó ṣe, ó kọ ọ́ pé: "Mo fi ọ̀kọ̀ pa ẹja mẹ́sàn-án. Mo jẹ̀bi." Ọ̀rọ̀ méjì ìkẹyìn yẹn korò lọ́wọ́ rẹ̀ ju bí orógbó ti í korò lẹ́nu lọ. Ó gbé tábà lọ sí èbúté, ó sọ fún Lester ohun tí òun ṣe àti ẹni tí òun ṣe é fún. Àwọn mẹ́rin tí ó kù nínú àwọn mọ́kànlá náà gbọ́, láti ọjọ́ náà ni wọn kò sì ti bá a mu kọfí mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìparí oṣù keje, Meredith pe Wilmer àti Corinne sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí ó ti sunkún.

"Ọ̀gbẹ́ni Gokee, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Nígbà tó jẹ́ àkọsílẹ̀ àtijọ́ nìkan ni, àwọn agbẹjọ́rò wa ń wá ọgbọ́n tí wọ́n á fi fò ó. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé ẹ jẹ̀bi ẹ̀sùn ohun ìjà. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i."

"Ẹja ni mo pa."

"Mo mọ̀."

"Ta ló ní kí n kọ ọ́?"

Ilẹ̀ ni Corinne ń wò. Wilmer dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì kí wọn kí ó tó jáde, nítorí bí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn. Corinne lọ bẹ adájọ́ lẹ́ẹ̀mejì, adájọ́ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún un kí wọ́n fi wá ẹlòmíràn. Wọn kò rí ẹnìkan. Àwọn tí wọn kò sá ní èbúté nígbà náà ni ètò náà kò lè gbà, àwọn tí wọn kò sì dé èbúté rí kò mọ ọ̀pá ọkọ̀ dì mú.

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá mú Tavia, ìrẹsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọmọ náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ dé èbúté.

"Bàbá àgbà, ta ló máa lu ìrẹsì fún yín?"

"Atẹ́gùn á máa lù ú."

"Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn lo igi mi o. Ọwọ́ wọn á le jù."

"Ta ni mo fẹ́ fún? Ọwọ́ rẹ ò ju ti ọ̀kẹ́rẹ́ lọ."

"Ikùn yín náà ò tíì dín."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta kan, ó sọ ọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Wilmer. Ó dún gbàǹgàn. Lẹ́yìn náà ni ó wọ ọkọ̀ obìnrin tí ó wá mú un, kò sì wo ẹ̀yìn.

Ìdáríjì gómìnà dé ní oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú èdìdì wúrà. Wilmer fi dá iná. Lẹ́tà mẹ́ta tí ó kọ sí ilé ìtọ́jú náà padà wá: wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí Corinne bèèrè ibẹ̀, wọ́n ní òfin kò jẹ́ kí àwọn sọ, nítorí ààbò ọmọ. Corinne ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ètò náà ṣì wà, wọ́n sì sọ pé ó ń gbèrú. Fọ́tò tí wọ́n yà nínú ọkọ̀ wà lórí pátákó gàgàrà kan ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí ìlú ńlá, wọ́n kọ "A Jọ Ń Tọ́ Wọn Sọ́nà" sí abẹ́ rẹ̀. Wilmer kì í gba ojú ọ̀nà náà mọ́. Bí ó bá fẹ́ ra epo, ẹ̀yìn igbó ni ó máa ń gbà yípo. Ní oṣù kẹjọ, ó ń dá ti ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ìdajì ni ó sì ń kó bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, bí ẹ bá rí pátákó náà, bàbá tí ó wà lórí rẹ̀ ni Wilmer Gokee. Ọmọ náà ni Tavia Maday. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, àpá kékeré kan wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ó sì máa ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ níbikíbi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un pé igi kédárì rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò sì tíì lò wọ́n.