Ilé Adìyẹ Tí Màmá Gíga Lè Nàró Nínú Rẹ̀

Ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tí kò mọ Bàbá Télọ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, ó sì kórìíra kí nǹkan wọ́. Ó ránṣọ títí ojú rẹ̀ kò fi rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ló bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọbìnrin rẹ̀, ó ní òun fẹ́ sinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lára, ìsinmi a máa dà bí ìyà lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ wọ ilé ìdáná, tó ń tún ìdérí ìkòkò tò láti kékeré dé ńlá.

Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe, kí àwọn ìkòkò mi náà lè sinmi."

Màmá Gíga là ń pe ìyá yìí, orúkọ náà kì í sì í ṣe àpọ́nlé. Bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá dúró pọ̀, èjìká rẹ̀ ni orí bàbá ń dé. Òun ló ni àwọn adìyẹ ẹ̀yìnkùlé: àgbébọ̀ pupa bíi mélòó kan, àti funfun kan tó ń ṣe bí ọ̀gá lé wọn lórí. Inú àpótí pákó kan tí kò ga ju orúnkún lọ ni wọ́n ń sùn. Bí ìyá bá fẹ́ kó ẹyin, àfi kó kúnlẹ̀, kó rá wọ inú àpótí dé ìdajì, orúnkún rẹ̀ á sì máa ké.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Gíga ń sá aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí àṣá já bọ́ láti òkè bí òkúta, ó kọrí sí adìyẹ funfun. Gíga ìyá ṣe é láǹfààní lọ́jọ́ náà. Ó fi bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì tútù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ na àṣá náà lójú òfuurufú, ìyẹ́ funfun kan péré ni olè rí mú lọ. Àwọn adìyẹ tú ká, kálukú ń sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ìyá rá wọ inú àpótí láti wò ó bóyá wọ́n ti pé. Wọ́n pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun alára kò lè jáde mọ́. Orúnkún ti kọ̀.

Bàbá Télọ̀ ké sí káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri wọn. Wọ́n fà á, wọ́n tún fà á, ni ìyá bá yọ jáde pẹ̀lú koríko lórí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ bàbá.

"Ìyàwó mi kò ní rákòrò mọ́ nítorí ẹyin," ló wí fún káfíńtà. "Màá kọ́ ilé tí èèyàn ń nàró wọ̀, tó ń nàró jáde, tí àṣá kò sì ní rí ojú ẹ̀."

Káfíńtà ní, "Ó dáa, Bàbá. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó ga tó?"

Bàbá Télọ̀ fa téèpù yọ lápò. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nà án dé àtàrí ara rẹ̀, ó tún fi díẹ̀ lé e fún fìlà. "Ó tó nìyí."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìwọ, gbogbo àdúgbò yìí ni mo ti wọ̀n tán!"

Káfíńtà gbé ayùn rẹ̀. Ó ní òun kò lè bá àgbà jiyàn lórí téèpù.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀. Wọ́n bo ìdajì òkè pẹ̀lú páànù nítorí òjò, wọ́n fi wáyà bo ìyókù kí oòrùn lè máa wọlé. Wọ́n ri ẹsẹ̀ wáyà náà wọnú ilẹ̀, kí eku tó bá ń walẹ̀ lè pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí wáyà méjì ti pàdé ni inú bàbá ti dùn jù. Ó mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi ọwọ́ rán wọn pọ̀, ó sì ń súfèé.

"Ìṣẹ́tí rèé," ló ń wí. "Ẹ wá ibi tó tú, ẹ kò ní rí i."

Ó ta aṣọ sí ojú fèrèsé ilé ìdáná kí ìyàwó rẹ̀ má baà yọjú wò ó. Nígbà tó parí, ó fa ìyá lọ́wọ́ jáde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Ó yá, olorì, ẹ wọlé."

Màmá Gíga wọlé. Igi àjà gbá a níwájú orí, gèlè rẹ̀ há sí wáyà, ó ń fì dirodiro lókè. Ìyá dúró níbẹ̀, ó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so jù.

"Bàbá wa, ẹ ṣeun o," ló wí jẹ́jẹ́. "Ilé yìí dára púpọ̀. Ta lẹ wọ̀n?"

Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Télọ̀ wo òkè, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó fọwọ́ lérí. "Yéè! Ara mi ni mo wọ̀n!"

Ìyá ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé títẹ̀ sàn ju rírá lọ. Bàbá fárígá. "Aṣọ tó bá kúrú, ṣe là ń tú u. Wá dúró níbí."

Ó gun orí àpótí ìjókòó. Ìyá fi ẹsẹ̀ tẹ téèpù mọ́lẹ̀, bàbá sì nà án lọ sókè, ó kọjá èjìká, ó kọjá etí, títí ojú wọn fi ṣe déédéé.

"O rántí ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ mi?" ni bàbá béèrè. "Mo ní, 'Ọmọge, aṣọ yìí ò tó ẹ.' O ní kí n lọ ra kún un."

"Ẹ sì rà á," ni ìyá fèsì. "Owó yín náà lẹ fi rà á. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀." Ó na ọwọ́ sókè. "Ẹ kún un dé ibí. Bí mo bá jí ni mo máa ń wá kó ẹyin, mo sì máa ń nara."

Wọ́n tú òkè, wọ́n kan igi kún òpó, bàbá tún ìṣẹ́tí rán látòkè délẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, Màmá Gíga wọlé ní ìnàró gangan. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kò kan nǹkan kan. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àwọn adìyẹ kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí kò tíì rí ìjókòó, títí ìyá fi da àgbàdo sílẹ̀. Funfun ló kọ́kọ́ wọlé, àwọn tó kù rọ́ tẹ̀ lé e.

Bàbá gbé àpótí ìjókòó méjì wọlé kí wọ́n lè gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Bí wọ́n ti jókòó ni atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn dé, ìkọ́ rẹ̀ sì bọ́ sí ojú ihò rẹ̀ níta.

Ìyá mi ilẹ̀kùn jìgìjìgì. "Bàbá wa, ẹ rán an dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ."

Wọ́n pè títí, ayùn káfíńtà kò jẹ́ kó gbọ́. Wọ́n bá jókòó padà, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kò ráyè sọ láti ọjọ́ pípẹ́, títí káfíńtà fi yọjú lórí ògiri, tó rí àwọn méjèèjì láàárín adìyẹ.

"Ẹ kú ìjókòó o!" ló wí. "Ṣé ẹ ti yé?"

Màmá Gíga na ọwọ́ sí abẹ́ adìyẹ funfun, ó mú ẹyin kan tó ṣì gbóná jáde.

"A ti yé," ló dáhùn. "Wá ṣílẹ̀kùn, kí o wá gba tìrẹ."