Bàbá Ṣó-dá-ẹ-lójú

Lọ́jọ́ tí ìròyìn gba àdúgbò kan pé Bàbá Aláago ti kú, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wá sunkún. Ẹnì kan ló rí i tó sùn lọ lórí tábìlì iṣẹ́, ó pè é títí, kò dáhùn, ló bá figbe ta. Bàbá gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, ó bi wọ́n pé ta ló fojú ara rẹ̀ rí òkú. Ó wá fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó tẹjú mọ́ aago, ó ń ka bí iṣan rẹ̀ ṣe ń sọ fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò tíì kú."

Ṣó-dá-ẹ-lójú la fi ń pè é, torí ohun tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bí o bá ní òjò ń rọ̀, á na ọwọ́ síta lójú fèrèsé. Bí o bá gbé aago tó ti kú wá, á gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bóyá ó kàn ń sinmi ni. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni Bàbá máa ń gbà gbọ́ láìwádìí, ìyẹn sì ti kú tipẹ́. Ó wá ku òun nìkan láàárín aago bí ogún, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, kò sí èyí tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà lókè òkun, ó sì máa ń pè é ní ọ̀sán Sátidé. Bàbá kì í gbà pé òun ni.

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni lóòótọ́, kí lo fọ́ nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún méje?"

Ọmọ á mí kanlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀: bó ṣe gun àpótí, bó ṣe nawọ́ sí aago ara ògiri, bí aago náà ṣe já bọ́ tó sì fọ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe fi í pamọ́ sẹ́yìn aṣọ. Bàbá á tún bi í pé bàtà wo ló wọ̀.

Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti Bàbá ti gbọ́ ìtàn náà títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Lọ́jọ́ kan, ó bi í bóyá kò mọ ohùn ọmọ rẹ̀ ni.

"Mo mọ̀ ọ́n kó tó lanu," Bàbá ní. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ní mo gbà, á ní ó dàbọ̀."

Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ní Sátidé kan, Bàbá tún sùn lórí tábìlì, kò sì jí mọ́. Àwọn èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí kó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Aránṣọ wọlé, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ka ìṣẹ́jú kan. Ó tún ka òmíràn. Nígbà tó máa ka ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Fóònù dún. Aránṣọ gbé e, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọmọ Bàbá.

"Ṣó dá yín lójú, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, àbúrò mi."

Aránṣọ mọ̀ pé ó dàbọ̀ ló kàn. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ó jókòó, ó ní, "Kí lo fọ́ nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún méje?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ látorí àpótí. Kò kánjú rárá. Nígbà tó dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti fi í pamọ́ sẹ́yìn aṣọ, ó sọ irú bàtà tó wọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.